Ẹ̀dọ̀fóró Tó Gbàgbé Èéfín

Iná aláwọ̀ aró tó ń tàn lára àwo Bàbá Fámúrewá kọ̀, kò kú. Arínọlá fi aṣọ nu ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iná náà ṣì wà níbẹ̀ kedere, ó ń wò ó padà bí ojú ọmọ tí oorun kò kùn rárá.

Ní gbogbo Òkè-Ọ̀dà, kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ iná yẹn. Àwọn ọmọdé ń fi bú ara wọn ní pápá: “Iná tìẹ á tètè kú.” Tí wọ́n bá kán èérí èéfín ọ̀dà sórí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, tí wọ́n tan àtùpà sí i, á máa tàn bí aró. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ṣe ń sè é ni iná ń kú lọ, ohun tó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí iná kú ni májèlé tó ń bí jẹjẹrẹ. Ẹni tí iná tirẹ̀ bá tètè kú, Asèéfín lorúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, òun àti ilé rẹ̀.

Iná Bàbá Fámúrewá ti kú nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò tilẹ̀ pẹ́ tó kú. Arínọlá fúnra rẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ lù ú. Kì bá tún padà sórí rẹ̀ mọ́, àfi pé àwòrán tí ẹ̀rọ yà lọ́jọ́ yẹn bàjẹ́, akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Èémí, tó ń gbọ́ ẹjọ́ Bàbá, sì ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ òmíràn tí òun máa gbé sójú ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà. Ló bá mú ìyókù sẹ́ẹ̀lì Bàbá jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́, níbi tó ti ń mu omi èròjà láti ìgbà náà láìrí èéfín sójú. Ó kán èérí sí i. Iná kò kú. Ó ní àtùpà ló ń ṣe wàhálà, ó pààrọ̀ àtùpà. Ó ní èérí náà ló ti pẹ́ jù, ó ṣí ìgò tuntun. Pàbó ló já sí.

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Ó pín sẹ́ẹ̀lì náà sí méjì. Ó dá apá kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi apá kejì sínú àpótí tí èéfín ọ̀dà ń gbà kọjá, kó lè máa mí irú ohun tí Bàbá ń mí lójoojúmọ́. Nígbà tó dé láàárọ̀ yìí, ó wọn méjèèjì. Èyí tó sinmi ń tàn. Èyí tó jókòó ti èéfín kú fin-ín bí fìtílà tí wọ́n fẹ́ lẹ́nu.

Èèyàn kan náà ni. Àyà kan náà ni wọ́n ti wá. Wọn kò bí sísè mọ́ ẹ̀dọ̀fóró Bàbá. Èéfín ló kọ́ ọ, nígbà tí èéfín sì kúrò níwájú rẹ̀, ó gbàgbé.

Bàbá Fámúrewá kò ṣiṣẹ́ nídìí ìkòkò ọ̀dà rí láyé rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Ẹ̀wù àwọn tó ń yọ́ ọ̀dà ló ń fọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, òun náà ló sì ń fọ ẹ̀wù funfun tí àwọn awọnèémí Ilé Ìwọ̀n, ibi iṣẹ́ Arínọlá, ń wọ̀. Tó bá ká a tán, á já ewé ọsàn wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀. Èyí tó wà lọ́rùn Arínọlá báyìí ṣì ń ta sánsán.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Adéṣẹ̀yẹ ló wọlé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, òun ló kọ́ Arínọlá níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ṣé àwòrán ti jáde? Wọ́n ti ń péjọ ní gbọ̀ngàn.”

“Ó ti jáde, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan.”

Ó wá wò ó. Ó wo àwo kan, ó wo èkejì, ó tún padà sórí ti àkọ́kọ́. Arínọlá ṣàlàyé ohun tó ṣe, kò sì gùn, nítorí Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀.

“Ta lo ti sọ fún?”

“Ẹ̀yin nìkan, sà.”

“Ó dáa.” Ó na ọwọ́, ó pa àtùpà náà fúnra rẹ̀. “Òfin ní kí á wọn sẹ́ẹ̀lì bó ṣe jáde láti àyà ẹni tó ni ín. Kò sọ pé kí á kọ́kọ́ fún un nísinmi.”

“Ọ̀gá, tí a bá fún un nísinmi, bóyá ni a ó rí ẹyọ Asèéfín kan nílùú yìí. Ìyẹn ni pé gbogbo àwọn tí a ti…”

“Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí.” Ó fa àga, ó jókòó. “Àwọn tí o ti ka àbájáde wọn ní gbọ̀ngàn yẹn, òǹtẹ̀ ta ló wà lára rẹ̀?”

Arínọlá wo òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

“Tèmi àti tìrẹ ni. Àwọn míì nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀. Ṣé o fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ọmọ wọn, kí o sọ fún wọn pé a ṣìṣe? Lọ bọ́jú. Ka èyí tó wà nílẹ̀ bí o ṣe kà á tẹ́lẹ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó jọ fara balẹ̀ tún un wò, a ó sì fi ránṣẹ́ sókè lọ́nà tó bójú mu.”

Ó sọ ọ́ bíi bàbá tó ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ohun tó ti Arínọlá lójú jù lọ, tó sì ń tì í lójú títí ọjọ́ fi lọ, ni pé bí Ọ̀gá ṣe dárúkọ ọdún tó ń bọ̀ ni ara tù ú. Ó bọ́jú. Ó mú àwòrán èyí tó kú, ó sì lọ.

Gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ Èémí ti kún. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó náà ni wọ́n jókòó: àwọn tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn jẹ́ àwọ̀ ewé wà níwájú, àwọn onípupa, ìyẹn àwọn Asèéfín, wà lẹ́yìn pátápátá nídìí fèrèsé, níbi tí fáànù ńlá ti ń fa èémí wọn jáde kó má baà kan ẹlòmíràn. Bàbá Fámúrewá wà ní ìlà iwájú. Ó wọ bùbá òun ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa. Ẹniafẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lódìkejì ni Alàgbà Arówóṣayé wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ló fẹ́ fẹ́ Ẹniafẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ẹ̀jẹ̀.

Bàbá kò béèrè ohun tó pọ̀. Ó ní kí Ilé Ìyọ́dà tó ni àwọn ìkòkò náà tọ́jú òun, kí ìgbìmọ̀ sì là á mọ́lẹ̀ pé èéfín ló ṣe òun, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òun, nítorí ọmọ òun.

Agbẹjọ́rò Ilé Ìyọ́dà dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wàá hù ni, ó kọ́kọ́ kí Bàbá kó tó sọ̀rọ̀.

“A kò jiyàn pé èéfín wà,” ló wí. “Gbogbo wa la ń mí in. Ṣùgbọ́n èéfín kì í ṣe májèlé títí dìgbà tí ẹnìkan bá sè é. Iyọ̀ àti ata kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e kaná la ń bi léèrè ọbẹ̀. Ohun tí òfin wa sì sọ náà nìyẹn: ẹni tó sè é ló ni ín.”

Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Láníyọnu, mi orí. Ó yíjú sí Arínọlá.

“Ṣé ìwọ lo wọ̀n ọ́n?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ṣé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń sè é?”

“Ó ń sè é.”

“Kíákíá ni tàbí díẹ̀díẹ̀?”

Àwòrán ti wà lójú ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ojú ń wò ó. Arínọlá rí Ọ̀gá Adéṣẹ̀yẹ létí ilẹ̀kùn. Ó rí Bàbá Fámúrewá tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìjókòó kí etí rẹ̀ lè gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀: ẹ dúró ná, mo tún un wọ̀n. Kó kàn sọ wọ́n síta ló kù.

“Kíákíá,” ni ó sọ.

Ìgbìmọ̀ kò pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní Ilé Ìyọ́dà kò jẹ̀bi. Wọ́n ní Fámúrewá alágbàfọ̀, Asèéfín ni. Akọ̀wé sọ̀kalẹ̀, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé kúrò lọ́rùn Bàbá, ó so pupa sí i. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ìyeyè mọ́ Ẹniafẹ́ lọ́rùn, èyí tí àwọn ọmọ Asèéfín ń wọ̀ títí wọ́n á fi wọn àwọn náà.

Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ pé mo gba àkókò yín. Mo ti rò pé ohun tí mo ń fọ̀ ló ṣe mí. N kò mọ̀ pé inú ara mi ló wà.” Ó yíjú sí àwọn Arówóṣayé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun, lórí sìmẹ́ńtì. “Ẹ dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n fi àbàwọ́n wọ ilé yín.”

“Dìde, Fámúrewá,” Alàgbà Arówóṣayé wí. Ojú ń ti òun náà. “O kò ṣẹ̀ wá. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ kò jẹ̀bi.”

Nígbà tí Bàbá dìde, iwájú Arínọlá ló gbà kọjá. Ó dúró.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ló wí. “O sọ òótọ́ láìṣe ojúsàájú. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ rẹ.”

Arínọlá ṣe “àmín” kó tó mọ̀ pé òun ti ṣe é.

Kò lè padà sí Ilé Ìwọ̀n. Ó ń rìn ṣáá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín ìkòkò ọ̀dà wá tààrà, tí omi inú àgbá sì máa ń dúdú kó tó di ọ̀sán. Ó bá Bàbá Fámúrewá nídìí àgbá, ó ti bọ́ aṣọ tó lọ̀ náà, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ń mì lọ́rùn rẹ̀ bó ti ń gún aṣọ. Ẹniafẹ́ ń sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá rí i, ó nu ọwọ́, ó ti àpótí ìjókòó sí i.

“Jókòó, ọmọ mi. Má bínú, ẹ̀wù yín kò tíì gbẹ. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí ló dá mi dúró.”

Ó rò pé ẹ̀wù ló wá gbà. Arínọlá kò lè jókòó. Ó sọ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró: àwo méjì náà, èyí tó sinmi àti èyí tí kò sinmi, bí iná ọ̀kan ṣe ń tàn tí èkejì ṣe kú, àti pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹniafẹ́ fi aṣọ sílẹ̀, ó súnmọ́ wọn.

Bàbá gbọ́ ọ dópin. Ó mú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un títí omi rẹ̀ fi tán pátápátá.

“Nígbà tí ìyá yẹn bi ọ́ pé kíákíá ni àbí díẹ̀díẹ̀,” ló wí, “ṣé o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Bàbá.”

“Hẹn.”

Arínọlá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn bíi ti ọmọdé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde,” ni Ẹniafẹ́ sọ. Kò pariwo, kò yọ “ẹ” kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Ẹ̀wù funfun lẹ wọ̀, bàbá mi ló sì máa fọ̀ ọ́.”

Ìtìjú gun Arínọlá láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó dìde, ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀.

“Má lé e,” Bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí Arínọlá, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. “Mo dọ̀bálẹ̀ fún Arówóṣayé lójú gbogbo ayé, torí mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ìyẹn kò dùn mí tó èkejì. Ọpẹ́ tí mo dú lọ́wọ́ rẹ, òun ló ń dùn mí. O jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá.”

“Kì í ṣe ibí yìí. Iwájú èrò ni mo ti dọ̀bálẹ̀, o wá ń kúnlẹ̀ fún mi lẹ́yìnkùlé. Ohun tí a bàjẹ́ ní gbangba, a kì í tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbá rẹ̀. Ikọ́ mú un, ó wú u títí, ó tutọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀.

Arínọlá gun òkè padà. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó kó àwo méjèèjì àti àtùpà kan sínú àpótí. Nígbà tó ń jáde, ó bá Ọ̀gá Adéṣẹ̀yẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá wo àpótí, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò dá a dúró. Ó yẹ̀ fún un, ó sì kọjú sí ògiri títí ó fi kọjá.

Ìgbìmọ̀ ti parí ẹjọ́ tó kẹ́yìn, àwọn èèyàn ti ń nà ró. Arínọlá kò lọ síbi tí àwọn awọnèémí máa ń dúró sí. Àárín gbọ̀ngàn ló lọ, níbi tí wọ́n ń dá àwọn ẹlẹ́jọ́ dúró sí, ó gbé àpótí náà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Mo fẹ́ tún ẹjọ́ Bàbá Fámúrewá sọ.”

“Ẹjọ́ yẹn ti parí.”

“Mo purọ́ nínú rẹ̀, Mà.”

Màmá Láníyọnu jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Arínọlá kò dúró de àṣẹ. Ó tan àtùpà, ó kán èérí sí àwo méjèèjì, ó gbé ìmọ́lẹ̀ wọn sójú ògiri. Wọ́n jọ wò ó. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti etí wá sí àárín, títí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Èkejì ń tàn.

“Èèyàn kan náà ló ni méjèèjì,” ló wí. “Èyí tó kú yìí gbé inú èéfín títí di òwúrọ̀ yìí. Èyí tó ń tàn ti sinmi. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí ní Asèéfín nínú ohun tí ẹ ń wò yìí. Èéfín ló ń kọ́ ẹ̀dọ̀fóró láti sè é, bí èéfín bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n sè tó. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná ló kọ́ ọ.”

“Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe,” agbẹjọ́rò Ilé Ìyọ́dà wí.

“Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Èmi ni.”

Màmá Láníyọnu tẹjú mọ́ ọn. “Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè láàárọ̀, ṣé ohun tó wà lára ògiri yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ?”

“Ó ti wà lọ́wọ́ mi, Màmá. Ẹ̀rù bà mí, ni mo fi gbé e pamọ́. Bàbá náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Tí mo bá gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, gbogbo ẹni tí o ti kà níbí ni ẹjọ́ wọn máa jí. Ṣé o mọ̀? Gbogbo wọn.”

“Mo mọ̀, Mà.”

Ìyá náà tún wo ògiri. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ń rò. Níkẹyìn, ó ní kí akọ̀wé gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Arínọlá, kó sì kó àwo méjèèjì sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ ìgbà tí wọ́n á jókòó. Àwọn onílẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń yà fún Arínọlá bí ìgbà tí wọ́n ń yà fún ẹni tí ara rẹ̀ ń rùn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò jáde. Obìnrin kan dìde láàárín wọn nídìí fèrèsé, ìlẹ̀kẹ̀ ìyeyè tó wà lọ́rùn ọmọ tó gbé sọ́wọ́ ti ṣá. Ó ní láti gbé ohùn sókè kí ariwo fáànù má baà borí rẹ̀.

“Jọláadé lorúkọ ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ kà á.”

Arínọlá rántí orúkọ náà. Kò rántí ojú rẹ̀.

“Nígbà tó ń kú lọ,” obìnrin náà wí, “ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ súnmọ́ òun. Ó ní inú ara òun ni ìkà náà ti wá. Mo gbà á gbọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ọn. Ó nawọ́ sí wọn, mo ti ilẹ̀kùn.” Ó gbé ọmọ náà sí apá kejì. “Mo fẹ́ béèrè ni. Ṣé inú ara rẹ̀ ló ti wá?”

Ilẹ̀ ni ojú Arínọlá fẹ́ wò. Ó gbé e sókè, ó fi mọ́ ojú obìnrin náà.

“Rárá, Mà. Kì í ṣe inú ara rẹ̀.”

Obìnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó, ó gbá ọmọ náà mọ́ra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn dìde. Arínọlá dúró sáàárín gbọ̀ngàn, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.